Ọkọ̀ Ògúndáre àti Ẹrù Ará Berlin

Ìgbókọ̀dá, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ni wọ́n bí Ògúndáre sí, níbi tí ọmọdé ti ń tu ọkọ̀ ojú omi kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́. Jámánì wá gbé e kúrò lójú omi, ó fi í sínú Lager, ilé ìkẹ́rùsí kan, ní Billbrook ní Hamburg. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi ń gbé ẹrù olẹ́rù níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó rí gbà, kó wo bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe tẹ̀.

Nígbà tó di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, ó ra ọkọ̀ ojú omi kan tó ti gbó, tó wà ní Spandau ní Berlin. Olú ti hù lórí ibùsùn inú rẹ̀. Ọdún méjì gbáko, ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì tó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, Berlin ló ń gbà lọ. Ìyàwó rẹ̀ Tinúkẹ́ fura, bó ṣe yẹ kí ìyàwó fura. Ó tẹ̀ lé e lọ lẹ́ẹ̀kan, ó bá a lábẹ́ ọkọ̀ níbi tó ti ń ha irin tó dípẹtà. Ó padà sílé wọn ní Wilhelmsburg ní Hamburg pẹ̀lú ìbànújẹ́ pé kò sẹ́ni tí òun lè bá jà.

Ọdún mẹ́fà ni orúkọ Ògúndáre fi wà lórí ìwé àwọn tó ń dúró kó tó rí àyè ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ kan gbà ní Hamburg. Lukas tó ń ṣàkóso ibẹ̀ là á mọ́lẹ̀ fún un: ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ dé ní aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Bí kò bá dé, ẹni tó kàn ti ń dúró. Àwọn ará Spandau náà ti ní kó gbé nǹkan rẹ̀ kúrò, torí wọ́n ti ta ilẹ̀ wọn. Ọkọ̀ náà kò nílé lẹ́yìn, kò sì tíì nílé níwájú. Bí ti Hamburg bá bọ́, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gé irin ló kù.

Ògúndáre wá ṣe ohun tí ọlọ́gbọ́n kò ní ṣe. Ó dìde nínú ìjọ ní Berlin lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dúpẹ́, ó ní òun ń gba ojú omi lọ sí Hamburg. Hamburg ni wọ́n ti ń di kọ̀ǹtẹ́nà tó ń lọ sí Èkó, a kì í sì í jẹ́ kí arìnrìn-àjò lọ lọ́wọ́ òfo. Kó tó jókòó, ẹrù ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Pásítọ̀ gbé táyà mẹ́jọ wá. Maṣíìnì ìránṣọ méjì tẹ̀ lé e. Àlájà Fàúsátù, tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí, náà gbọ́. Ó ní kí Dayọ̀, ọ̀rẹ́ Ògúndáre tí yóò bá a lọ, bá òun gbé kékeré kan. Fìríìsà ni kékeré ọ̀hún. Ògúndáre fẹ́ sọ pé rárá, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò mọ ọ̀rọ̀ náà pè.

"Ẹ̀gbọ́n," Dayọ̀ wí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, "ìlà pupa tí ẹ kùn sára ọkọ̀, tí ẹ ní omi ò gbọdọ̀ kọjá, mi ò rí i mọ́."

"Odò ló kún."

"Ti àwa nìkan? Ìlà ti ọkọ̀ aládùúgbò wa ò yẹsẹ̀."

"Dayọ̀, ta ló gbé fìríìsà wá?"

Dayọ̀ lọ tú okùn ọkọ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi rìn láìsí ìyọnu. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, tí wọ́n kọjá Lauenburg lórí odò Elbe tó lọ sí Hamburg, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan kọjá lára wọn. Ìgbì rẹ̀ bo ihò tí ẹ́ńjìnnì ń gbà tu èéfín, èyí tó ti wà lójú omi tẹ́lẹ̀ nítorí ẹrù. Omi sì wọlé.

"Ẹ jẹ́ ká da fìríìsà yìí nù," Dayọ̀ wí.

"Láìtọrọ àyè?" Ògúndáre yọ fóònù.

"Ẹ kú ọ̀sán mà, Àlájà. Ilé ńkọ́?"

"A dúpẹ́. Ṣé ẹ ti gúnlẹ̀?"

"Rárá, mà. Omi ti dé orúnkún mi. Fìríìsà yín ni mo ní kí n..."

"Kí ló ṣe é?"

"Kò tíì ṣe é ní nǹkan kan. Òun ló fẹ́ ṣe wá."

"Ẹ gbé e sókè. Mo ti tà á. Ta ló ni táyà yẹn?"

"Pásítọ̀ ni, mà."

"Ẹ ju ìyẹn ná."

Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni ìkíni àti ẹ̀bẹ̀ gbà. Ní ìkẹjọ, omi dé inú ẹ́ńjìnnì, ó dákẹ́. Fìríìsà wọ odò, táyà náà wọ odò, ọkọ̀ sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí yóò wà á mọ́. Odò gbé e lọ sórí iyanrìn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Ògúndáre ti tú ẹ́ńjìnnì náà lẹ́ẹ̀mẹta, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Gbogbo ẹni tí wọ́n pè pé kó wá fà wọ́n ní ó di ìrọ̀lẹ́.

Ó rán Tinúkẹ́ lọ bẹ Lukas.

"Mo kúnlẹ̀ fún un," Tinúkẹ́ wí lórí fóònù.

"Kí ló wí?"

"Ó bi mí bóyá nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó bá mi wá a."

"Ṣé o ṣàlàyé?"

"Mo ṣàlàyé. Ó ní aago méjìlá ni aago méjìlá. Mo ṣì dúró síbẹ̀."

Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ó tún pè.

"Ọkọ̀ kan ti wọlé síbẹ̀. Bàbá arúgbó kan àti ajá rẹ̀."

Ògúndáre gbé fóònù lọ sí etí kejì.

"Ó ju okùn. Èmi nìkan ló dúró níbẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo gbá a mú."

"O bá a gbà á?"

"Àgbàlagbà ni. Ó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀."

Ògúndáre jókòó sórí iyanrìn. Dayọ̀ wojú rẹ̀, ó sì yíjú sápá ibòmíràn.

"Báwo lo ṣe so ó?" Ògúndáre bèèrè.

"Mo so ó típẹ́típẹ́."

"Má ṣe bẹ́ẹ̀. Omi ibẹ̀ máa ń kún, ó sì máa ń fà lọ sísàlẹ̀ bíi ti òkun. Bí okùn bá le jù, yóò gbé ọkọ̀ bàbá náà kọ́. Lọ dẹ̀ ẹ́ fún un."

Ó di fóònù mú sétí, ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ Tinúkẹ́ bó ṣe ń rìn padà lórí pákó èbúté.