Àgbébọ̀ Tí Ìyá Mi Fún Ará Ìlàjẹ Sìn

Ní àárọ̀ kùtù ní Bajulaiye ní Ṣómólú, òórùn íńkì ló máa ń kọ́kọ́ wọ yàrá wa, òórùn ilé adìẹ ìyá mi a sì tẹ̀lé e. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Wọ́n máa ń kó àgékù pépà wálé kí ìyá mi lè tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún àwọn adìẹ, nítorí náà orí etí káàdì ìgbéyàwó àti ìwé ètò ìsìnkú ni àwọn adìẹ wa ń yé sí. Mo ti mú ẹyin rí tí orúkọ ìyàwó ẹni ẹlẹ́ni lẹ̀ mọ́ lára. Kì í ṣe òórùn dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Ṣómólú ẹ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ ọ níbikíbi lónìí, inú mi á kàn dùn ni.

Kí àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó bẹ̀rẹ̀ ariwo tiwọn, àkùkọ wa á kọ. Àkùkọ ilé ẹlòmíràn á kọ, á parí. Tiwa kì í tètè parí. Á fa ìparí rẹ̀ gùn títí ẹ ó fi rò pé èémí rẹ̀ ti tán, á tún wá gbé e sókè díẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ohun tó fẹ́ sọ. Ìyá mi ní "Ilé ò jìnnà" ló ń wí, pé bẹ́ẹ̀ ni ìyá tàwọn náà ṣe ń gbọ́ ọ ní Ìgbòho. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà yìí ni ìran adìẹ náà ti wá. Nígbà tí ìyá mi ń tẹ̀lé ọkọ bọ̀ ní Èkó, àkùkọ kan àti àgbébọ̀ méjì ni ìyá wọn dì fún wọn sínú agbọ̀n.

"Etí la fi ń sin àkùkọ, kì í ṣe ojú," ni ìyá mi máa ń wí. Àkùkọ kékeré tí ohùn rẹ̀ bá kúrú, ọbẹ̀ ló ń lọ, bó ti wù kí ìyẹ́ rẹ̀ máa dán tó. Bàbá mi a máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ilé tiwa nìkan ni wọ́n ti ń dán ohùn ẹran wò kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Wọ́n fẹ́ kí a ra àkùkọ agíríìkì tó sanra mọ́ ọn. Ìyá mi kọ̀ jálẹ̀. Wọn kì í sì í ta èyíkéyìí nínú tiwọn. "Bí a bá ta ará ilé ẹni ní ọ̀pọ̀, a ò ní rí i rà ní ọ̀wọ́n." Ẹni tó bá fẹ́, àgbébọ̀ ni wọ́n ń fún un sìn. Bó bá pamọ, wọ́n á jọ pín in. Ṣùgbọ́n àkùkọ kì í kúrò nílé, torí gbogbo wa gbà pé òun ló ni ohùn.

Ìyá Orímisàn wà lára àwọn tó gba àgbébọ̀ sìn. Ìlàjẹ ni wọ́n, létí ọ̀sà ní Bàríga ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì máa ń gbé ẹja yíyan wá tà ládùúgbò wa. Wọ́n ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí.

Ní ọdún tí ìyá àgbà kú, oyún àbúrò mi ti wúwo, ìyá mi kò lè lọ sílé lọ sin ìyá wọn. Láti ìgbà náà, bí àkùkọ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, wọ́n á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì títí á fi parí. "Èyí nìkan ló ṣẹ́kù fún mi lára ìyá mi," ni wọ́n sọ fún bàbá mi.

Nígbà ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e, lúkúlúkú, àrùn tó ń pa adìẹ run, wọ ilé adìẹ. Gbogbo wọn ló kú, àkùkọ ló kẹ́yìn. Ìyá mi kó pépà ibẹ̀ dànù, wọ́n gbálẹ̀, wọ́n sì tún ń gbá ibi tó ti mọ́.

Ìyá Orímisàn gbé ẹja dé, wọ́n gbọ́. "Ìyá Títí, o ò ṣe wá wo ìpín ẹ lọ́dọ̀ mi? Mi ò pa á jẹ o."

Ìyá mi mi orí. Àkùkọ etí ọ̀sà, ẹni tí wọn kò mọ̀ rí, ló gun àgbébọ̀ yẹn. Ibo ni ohùn á ti wá?

Bàbá mi ní, "Lọ wò ó ná. Wíwò kì í pààyàn."

A lọ lọ́jọ́ Sátidé, àbúrò mi wà lẹ́yìn ìyá mi. Èéfín ẹja bo gbogbo ibẹ̀, àwọn adìẹ ń rìn lórí pákó tí omi wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń ṣa ìpẹ́ ẹja jẹ. Àwọn àkùkọ kéékèèké wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó kọ. Ìyá mi jókòó lórí àpótí, wọn kò fọwọ́ kan oúnjẹ tí Ìyá Orímisàn gbé fún wa. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, èmi ọmọdé pàápàá rí i.

Dúdú kan tí ìrù rẹ̀ kò tíì hù tán ló fò sí etí ọkọ̀ ojú omi, ló kọ. Ohùn rẹ̀ há. Ó fà á, ó fà á, mo rò pé ó ti tán, ó sì gbé e sókè.

Ìyá mi dìde. "Ọ̀dọ̀ ìyá ló ti wá," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Àṣé ọ̀dọ̀ ìyá ló ti wá." Ìgbà náà ni wọ́n tó sunkún ikú ìyá wọn lójú wa. Ìyá Orímisàn fi ọwọ́ tí òórùn ẹja bò dì wọ́n mú. "Ó tó, ọmọ mi. Ó tó."

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa padà, orí itan ìyá mi ni àkùkọ náà wà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbé e, wọ́n tún dì í mọ́ra ṣinṣin, mo sì fajú ro títí a fi délé.

Ìyá mi ti lọ báyìí. Mo ti dàgbà ju bí wọ́n ti dàgbà lọ lọ́jọ́ yẹn, ìran adìẹ náà sì wà lọ́wọ́ mi ní Bàríga àti nílé àwọn tí mo fún sìn. Ọmọ inú kẹ̀kẹ́ yẹn rò pé adìẹ ni wọ́n fi du òun. Lónìí, bí mo bá fẹ́ gbé àkùkọ láti ibì kan lọ sí ibòmíràn, orí itan mi ni mo máa ń gbé e sí, mi ò sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi gbé e.