Ọwọ́ Tí Kì í Dúró

Ọwọ́ mẹ́jọ ló wà lórí àtẹ náà, gbogbo wọn ń ṣa èèpo kúrò lára irú, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì dúró níwájú wọn, ó ń sun rárà ìyàwó. Bó ṣe dé ibi tó ti ń kí ìyá wa tó ti kú, mo rí i tí ọwọ́ méjì dúró, méjì mìíràn dúró, méjì tún dúró. Méjì tó kù kò dúró. Wọ́n ń ṣa èèpo lọ ní tiwọn, ṣá, ṣá, ṣá, títí ẹ̀gbọ́n mi fi parí.

“Kò dùn,” ni ìyá tó ni ọwọ́ náà wí. Wọn kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ìyá àgbà tó ń kọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní rárà mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, “O ṣé.” Wọ́n sì bu ìkúnwọ́ irú mìíràn sórí àtẹ.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, n kò sì mọ ohun tí ènìyàn ń dúpẹ́ fún nínú ìyẹn. Nílé ẹ̀kọ́ tiwa, bí wọ́n bá ní ohun tí o ṣe kò dára, o lè sunkún, o sì lè jà. Kò sí ẹni tó ń sọ pé o ṣé.

Òkukù ni, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira. Ní ìlú wa nígbà yẹn, ọmọbìnrin tó ń lọ sílé ọkọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sun rárà lójú gbogbo ẹbí. Á kí bàbá, á kí ìyá, á dárò ilé tó ń fi sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà yìí ni àwọn ọmọbìnrin àdúgbò wa ti ń kọ́ ọ. Wọn kì í ṣe ìyá bàbá mi, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó àgbà inú agbo ilé ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bí mi ni ìyá tèmi kú, ẹ̀yìn ìyá àgbà ni mo sì dàgbà sí. Irú ni wọ́n ń ṣe tà. Òórùn irú wà lára aṣọ wọn, ó wà lára ẹní wa, ó wà lára ìwé mi, débi pé tísà wa máa ń mọ ìwé tèmi láì wo orúkọ ara rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ rárà náà yà mí lẹ́nu. Láàárọ̀, bí wọ́n bá ń se irú lórí iná, tí èéfín ń fẹ́ sí wọn lójú, wọ́n á máa kùn lábẹ́nu, wọ́n á sọ gbólóhùn kan, wọ́n á mi orí, wọ́n á tún un sọ. Bó bá yá, wọ́n á pe àwọn obìnrin mẹ́rin wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n bá àwọn ṣa irú. Ewé irú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á fún wọn lọ sílé. Bí àwọn yẹn bá ti ń ṣà á, ìyàwó á dúró níwájú wọn, á máa sun rárà. Ìyá àgbà kì í wo ẹnu ìyàwó rárà. Ọwọ́ àwọn obìnrin náà ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní ẹnu mọ ojú, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò mọ̀ ọ́n. Ibi tí ọwọ́ bá ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ dùn nìyẹn. Ibi tí ọwọ́ bá ti yára sí i, wọ́n á yọ ọ́ kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ronú kàn án. Mo ti rí i tí wọ́n ju ọ̀rọ̀ tó pa mí lẹ́kún nù bí ẹni ju èèpo irú.

Àwọn obìnrin náà kò sì ní sùúrù. “Ẹ jẹ́ kó tẹ̀síwájú, oòrùn ti ń mú!” Tàbí kí òmíràn ní, “Èyí gùn jù o. Ṣé ọkọ ò ní ti darúgbó kó tó parí?” Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, ìyàwó á fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Ṣùgbọ́n èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró yẹn ló burú jù lójú tèmi. Àwa ọmọdé ń pè wọ́n ní Ìyá Kòdùn ní ẹ̀yìn wọn. Wọ́n ga, wọ́n pẹ́lẹ́ńgẹ́, ará Ìnísà ni wọ́n bíi ti ìyá àgbà, wọ́n sì kéré sí ìyá àgbà lọ́jọ́ orí. Àwọn obìnrin yòókù máa ń sọ pé bí ilé bá ń jó, Ìyá Kòdùn yóò ṣa àtẹ tán kí wọ́n tó dìde. Lọ́jọ́ kan tí èmi àti ìyá àgbà ń fọ irú lódò, wọ́n ní, “Ohun kan ló kù tí mò ń wá láyé yìí. Kí ọwọ́ obìnrin yẹn dúró lẹ́ẹ̀kan péré kí n tó kú.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú wọn.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kí ìyá wa yìí, Ìyá Kòdùn kò fi í mọ síbẹ̀. Wọ́n ní, “Ẹkún àgbà lẹ gbé fún ọmọdé. Ẹ̀yin lẹ̀ ń sunkún níbẹ̀ yẹn, òun kọ́.” Àwọn obìnrin yòókù pòṣé. Ọ̀kan ní, “Ọ̀rọ̀ ìyá ọmọ tó kú náà lo tún ń sọ pé kò dùn? Ṣé ènìyàn ni ọ́?”

Lọ́sàn-án, mo bá ìyá àgbà lẹ́yìnkùlé lórí àpótí. Ẹ̀kọ tí mo gbé fún wọn láàárọ̀ wà níbẹ̀, wọn kò tú u. Ojú wọn pọ́n. Mo bi wọ́n pé kí ló ṣe wọ́n, wọ́n ní èéfín ni. Mo wo ààrò. Iná ti kú tipẹ́, eérú rẹ̀ ti tutù. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ fọ́ nǹkan.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n di irú sínú ewé, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. “Gbé e lọ fún ìyá tó ní kò dùn yẹn,” ni wọ́n wí. “Kó o sọ pé mo ní kó má pẹ́ lọ́la o.” Ó rú mi lójú. Ẹni tó pa yín lẹ́kún, ẹ tún ń di irú fún un? Mo gbé e lọ. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Kòdùn, mo la ẹnu láti jíṣẹ́, ohun tó jáde ni pé, “Ìyá àgbà ní kí ẹ má wulẹ̀ wá mọ́.”

Wọ́n wò mí títí. “Òun ló ní bẹ́ẹ̀?”

“Àwọn ni, mà.”

Wọ́n gba irú, wọ́n gbé e sí imú. “Ó dáa,” ni wọ́n wí.

Ìdùnnú ni mo fi sáré délé. Mo rò pé mo ti gba ìyá àgbà lọ́wọ́ ọ̀tá. Lọ́jọ́ kejì Ìyá Kòdùn kò wá, lọ́jọ́ kẹta wọn kò wá. Àwọn obìnrin mẹ́ta tó kù wá, gbogbo nǹkan sì dùn. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti lanu, ọwọ́ á dúró. “Ó dùn o! Ìyá, ẹ kú iṣẹ́!” Ìyá àgbà yí ibi tó kan ìyá wa padà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ló dùn. Inú wọn kò dùn sí i. Wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà ṣáá. “Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló lè dùn,” ni wọ́n ń sọ fún ara wọn. Nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún kí ìyàwó lọ, irú jóná mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìyẹn kò ṣẹlẹ̀ rí. Èéfín rẹ̀ gba gbogbo agbo ilé, àwọn ènìyàn ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n fọ ìkòkò náà tán, wọ́n pe ẹ̀gbọ́n mi. “Má kí ìyá rẹ mọ́,” ni wọ́n wí. “A ó fo ibẹ̀. N ò mọ bó ṣe yẹ kí n ṣe é.”

Ẹ̀gbọ́n mi wọ yàrá lọ, mo sì gbọ́ ẹkún rẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Nígbà náà ni ohun tí mo ṣe yé mi. Èmi ni mo yọ ìyá wa kúrò nínú rárà náà, èmi tó jẹ́ pé nítorí mi ló ṣe kú.

Mo sáré lọ bá Ìyá Kòdùn. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, irọ́ ni mo pa. Wọn ò ní kí ẹ má wá.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ mọ̀?”

“Kò lè sọ bẹ́ẹ̀ láé.”

Mo bi wọ́n pé, bí wọ́n bá mọ̀, kí ló dé tí wọn kò wá. Wọ́n fẹ́ èèpo ẹ̀gúsí kúrò lórí àtẹ wọn. “Ṣé o rò pé ó ń dùn mọ́ mi lẹ́nu ni? Ó ti sú mi. Mo rí àyè sinmi, mo sinmi.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ìtàn ọjọ́ tí ìyá àgbà fúnra wọn ń lọ sílé ọkọ láti Ìnísà. “Mo kéré sí ọ nígbà yẹn. Rárà tirẹ̀ gùn, oòrùn sì mú. Àwọn tó ń pariwo pé ó dùn, ó dùn, àwọn ló kọ́kọ́ dìde. Kó tó parí, ó ku èmi àti ewúrẹ́ kan. Ó bi mí bóyá ó dùn. Mo ní kò dùn. Ó ní ibo ni kò ti dùn? Láti ọjọ́ náà ló ti ń bi mí, kò jẹ́ kí n rímú mí.”

“Ṣé lóòótọ́ ni kì í dùn létí yín ni, mà?”

Wọ́n ní kí n dìde kí n lọ pọnmi. “N ó wá lọ́jọ́ ìyàwó,” ni wọ́n wí.

Lọ́jọ́ ìyàwó, àwọn àna wa dé láti Ìkìrun. Tísà ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, onígbàgbọ́ ni wọ́n, wọ́n sì fẹ́ bá rélùwéè ọ̀sán padà kí wọ́n lè múra fún ìsìn ọjọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkùnrin kan nínú wọn ń yọ aago wò. “Ẹ jọ̀ọ́, rélùwéè ò ní dúró de rárà o!” Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń pariwo láti ẹ̀yìn pé, “A ò gbọ́ ọ!” Àwọn kan ti ń rìn lọ síbi oúnjẹ. Ìyá àgbà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n di etí aṣọ mú. Ìyá Kòdùn jókòó nítòsí wọn pẹ̀lú àtẹ ẹ̀gúsí lórí itan. Lọ́jọ́ ìyàwó pàápàá, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí.

Ẹ̀gbọ́n mi kí bàbá wa tán. Ó dé ibi tí ó yẹ kó fò. Kò fò ó, kò sì sọ nǹkan kan. Fèrè rélùwéè dún lọ́ọ̀ọ́kán, ariwo sọ. “Ó tó, ó tó! Ẹ jẹ́ ká lọ!” Ẹ̀gbọ́n mi yíjú, ó wò mí, ó wá ní:

“Ìyá mi, mo ti gbàgbé ojú rẹ.
Àbúrò mi ni mo fi ń rántí.
Bí mo bá dé Ìkìrun,
Ojú ta ni n ó máa wò?”

Ọkùnrin aago fi aago rẹ̀ sápò. N kò lè wo ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ Ìyá Kòdùn ni mo wò. Ó ti dúró. Ẹ̀gúsí kan wà láàárín ìka wọn, ìdajì èèpo rẹ̀ ti ṣí, ìdajì kò tíì ṣí.

Ìyá àgbà náà ń wo ọwọ́ yẹn. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí mo ti ń ronú sí ojú wọn lọ́jọ́ náà, n kò tíì mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n ń wá láyé ti dé, ọ̀rọ̀ wọn kọ́ ló sì mú un wá. Wọ́n rìn lọ jókòó ti Ìyá Kòdùn, wọ́n bu ẹ̀gúsí díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn bó o.

“Ṣé ìwọ lo kọ́ ọ níyẹn?” ni ìyá àgbà bi wọ́n.

“Rárá o. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin ni?”

“Èmi kọ́.”

“Ó dùn,” ni Ìyá Kòdùn wí.

“Mo gbọ́,” ni ìyá àgbà wí.

Rélùwéè fi àwọn àna wa sílẹ̀, ọkọ̀ ẹrù ni wọ́n wọ̀ padà gba Ìnísà. Ìyá àgbà jẹ ẹ̀kọ mẹ́rin lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bóyá ayọ̀ ni, bóyá ìbànújẹ́ ni, ebi ni wọ́n pè é. N kò sọ irọ́ tí mo pa fún wọn títí wọ́n fi kú, ó sì ń dùn mí.

Èmi náà di tísà, mo sì ń kọ eré fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Mo ti gbọ́ kò dùn lẹ́nu òbí, lẹ́nu ọ̀gá, lẹ́nu ọmọ kíláàsì kìíní. Mo máa ń sọ pé ẹ ṣé, lẹ́yìn náà mo máa ń wá ẹ̀yìnkùlé lọ, bí ẹnikẹ́ni bá sì bá mi níbẹ̀, èéfín ni. Bóyá bó ṣe yẹ kí ènìyàn ṣe é nìyẹn, n kò mọ̀.

Lánàá, mo ka ohun tí mo kọ yìí sétí ọmọ mi obìnrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní, “Ó dùn gan-an, Mọ́mì.” Fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ lọ, kò sì dúró lẹ́ẹ̀kan láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ní, “O ṣé.” Mo mú bírò, mo fa ìwé náà sọ́dọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fagi lé e láti òkè.

Ó gbójú sókè, ó wò mí. Kò mọ ohun tí mò ń dúpẹ́ fún.