Ọjọ́ Tí Ẹgbẹ́ Òṣèlú Wọ Inú Ẹkù Epo

Bí mo bá gbọ́ òórùn ẹyìn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sè, tí oru rẹ̀ ń gbéra lójú àgbá, inú mi á kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà ni yóò bàjẹ́. Òórùn yẹn ló máa ń gbé mi padà sí ẹbu epo wa létí odò, ní ọ̀nà tó ti Èjìgbò lọ sí ìlú Ara, nígbà tí mo ṣì ń pọn ọmọ mi kejì, kí àwọn sójà tó gba ìjọba. Ilẹ̀ ibẹ̀ pọ́n, ó sì ń yọ̀. Ògùṣọ̀ tí a ti fún epo inú rẹ̀ tán máa ń wà ní òkìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn ewúrẹ́ á máa sùn lé e lórí nítorí pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹkù ńlá ló wà láàárín, kòtò fífẹ̀ tí wọ́n fi òkúta àti amọ̀ tẹ́ inú rẹ̀, ibẹ̀ la ti ń tẹ ẹyìn. Ìyá tó bí bàbá ọkọ mi wà lára àwọn tó gbẹ́ ẹ. Ìwọ ọmọ-ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ́, kọ ìyẹn kó hàn. Obìnrin ló gbẹ́ ẹ. Kì í ṣe ìjọba, kì í ṣe ẹgbẹ́ kankan.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ti tẹ ẹyìn rí mọ̀ pé ẹnì kan kì í dá wọ ẹkù. Ẹsẹ̀ ni a fi ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì gbóná, títí ara rẹ̀ yóò fi bó kúrò lára èkùrọ́, epo á sì ti mù wá dé orúnkún. Bí o kò bá rí èjìká ẹlòmíràn dì mú, ilẹ̀ lo máa bá ara rẹ. Èjìká ọ̀rẹ́ mi ni èmi máa ń dì mú. Ọdún kan náà ni wọ́n gbé wa níyàwó, ògiri kan ló pààlà ilé wa. Lónìí a ó tẹ tèmi, lọ́la a ó tẹ tirẹ̀. "Ẹlẹ́sẹ̀-epo" ni a jọ ń pe ara wa. Á ní, "Ẹlẹ́sẹ̀-epo, rọra o, ọkọ rẹ ò fẹ́ arọ." Èmi náà á ní, "Tìẹ ńkọ́, tó ń wá ọ wá sétí odò lójoojúmọ́ bí ológbò tó gbóòórùn ẹja?" A ó rẹ́rìn-ín títí a ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

Òṣèlú ti wà tẹ́lẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin ni, abẹ́ igi ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Ọdún yẹn ló wọlé tọ̀ wá. Ọmọ ìyá kò kí ọmọ ìyá mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹ lè fi ibi tí ènìyàn jókòó sí mọ ẹni tó dìbò fún. Ọkọ mi wà nínú ẹgbẹ́ ọnọ́rébù wa, ẹni tó ń ṣojú wa nílé ìgbìmọ̀, ọkọ ọ̀rẹ́ mi wà nínú ẹgbẹ́ kejì. Àwa méjèèjì kò bìkítà. Ẹyìn ni a ń tẹ̀.

Àmọ́ alágbàtà kan wà tó ń ra epo lọ́wọ́ wa, tó ń fi àgbá kó o lọ sí Ìbàdàn. Kò dùn mọ́ ọn nínú pé a tún ń tà fún àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń wá. Ó fẹ́ kí gbogbo epo etí odò náà jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Kí ló ṣe? Ó gbé lọ́rì kan fún ẹgbẹ́ ọnọ́rébù, kí wọ́n máa fi pariwo ìbò káàkiri. Ọnọ́rébù gba lọ́rì, ó fi ẹkù wa san án. Ẹkù tí kì í ṣe ti bàbá rẹ̀!

Ọ̀rẹ́ mi ló kan láti tẹ ẹyìn lọ́jọ́ tí ìyá ẹgbẹ́ dé, obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ọnọ́rébù. Gbogbo ẹyìn tí ọkọ rẹ̀ kọ lóko lọ́sẹ̀ náà ni a ti sè, tí a ti dà sínú ẹkù, oru ń yọ. Bí a kò bá tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn, kíkan ni yóò kan. Ìyá ẹgbẹ́ káwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Láti òní lọ, ẹni tí ilé rẹ̀ kò bá ní káàdì ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ẹkù yìí. Ẹni tó bá ní in, alágbàtà nìkan ni yóò máa ta epo fún."

Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹgbẹ́ wo ni ẹyìn yìí wà? Ṣé ẹ ti bi í?"

"Má bá mi ṣe ẹnu ṣámúṣámú. Ọkọ rẹ mọ ibi tó dìbò sí."

Ọ̀rẹ́ mi yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi ló na ọwọ́ sí. "Ẹlẹ́sẹ̀-epo, wọlé, jẹ́ ká tẹ nǹkan wa."

Ìyá ẹgbẹ́ wò mí. "Ìyàwó, bí o bá wọ̀ ọ́, ọkọ rẹ ni yóò lọ ṣàlàyé fún ọnọ́rébù o."

Mo wo ilẹ̀. Mo ní, "Ní sùúrù ná, jẹ́ kí n lọ bi ọkọ mi."

"Lọ bi í," ni ọ̀rẹ́ mi wí. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó dá wọ ẹkù.

N kò tíì kọjá òkìtì ògùṣọ̀ tí mo fi gbọ́ ọ. Ó yọ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún ṣubú lé òkúta ẹkù, egungun náà sì dún bí igi gbígbẹ. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí ìyá ẹgbẹ́ sọ? Ó ní, "Ṣebí mo ti wí?" Àwọn tó ń to egungun fi igi dì í fún oṣù mẹ́ta, ọwọ́ náà kò tọ́ mọ́. Ẹyìn náà kan sínú ẹkù. Kò sí ẹni tó láyà láti kó o.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń bí mi nínú jù. Ọdún kò tíì yí po tí ọnọ́rébù wa fi kọjá sínú ẹgbẹ́ kejì, ẹgbẹ́ ọkọ ọ̀rẹ́ mi gan-an! Mo ń ti oko igi bọ̀ nígbà tí lọ́rì yẹn ń bọ̀ lókèèrè. Wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà mìíràn. Ọnọ́rébù àti àwọn tó ń pè ní ọ̀tá lánàá jọ jókòó sínú rẹ̀, alágbàtà wà láàárín wọn, wọ́n ń jẹ obì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àṣé alágbàtà ti ń bọ́ apá méjèèjì látọjọ́ yìí. Mo sọ igi kalẹ̀. Mo kígbe títí ọ̀fun mi fi ya: "Ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ẹ padà wá tún un ṣe! Ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́?" Ariwo ẹ̀rọ wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Wọ́n rò pé mò ń yìn wọ́n ni. Wọ́n juwọ́ sí mi.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi odó gún ẹyìn díẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo gbé epo rẹ̀ lọ bá ọ̀rẹ́ mi, mo kúnlẹ̀. Ó wo epo náà. "Ta ló bá ọ gún un?"

"Èmi nìkan ni."

"Ẹni tó bá lè dá a gún, kó máa dá a jẹ."

Láti ọjọ́ náà títí tó fi kú, kò pè mí ní Ẹlẹ́sẹ̀-epo mọ́. Bí a bá pàdé, á ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Èmi tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́! Á fi ọwọ́ tó wọ́ yẹn di ìró rẹ̀ mú, á kọjá lọ. Bí ó bá bú mi, ì bá sàn fún mi.

Àwọn olóṣèlú ṣì ń wá. Lóṣù tó kọjá, wọ́n gbé ìrẹsì àti fìlà wá síwájú ilé yìí, orúkọ ẹgbẹ́ wà lára rẹ̀, mo sì lé wọn jáde. Àwọn ọmọ mi ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ ń bínú báyìí?" Mò ń bínú sí alágbàtà, mò ń bínú sí ọnọ́rébù, àwọn méjèèjì ti kú, n kò sì tíì dárí jì wọ́n. Àmọ́ àwọn kọ́ ni mo máa ń rí bí òórùn ẹyìn bá dé imú mi. Káàdì kò lẹ́sẹ̀, kò lè dí ẹnikẹ́ni lọ́nà ẹkù. Èmi ni mo wo ilẹ̀. Èjìká mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò jìnnà sí ọwọ́ rẹ̀ ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ.