Eékún Mi ni Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Ríṣẹ́

Lánàá, mo pe ọmọbìnrin kan tó kọ̀wé wáṣẹ́ sí iléeṣẹ́ wa, láti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Bó ṣe ń kí mi lọ́wọ́, ẹ̀rọ ìlọpákí tó ń dún lẹ́yìn rẹ̀ dákẹ́ lójijì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni màámi ṣe pa tiwa nígbà tí mo wà ní kékeré, lábúlé wa nítòsí Ẹgbẹ́dá, lọ́sàn-án tí obìnrin iléeṣẹ́ kan pe ẹ̀gbọ́n mi nítorí iṣẹ́ tó ń wá. Mi ò tíì mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀rọ yẹn la fi ń jẹun. Orí àpótí lẹ́bàá fèrèsé nìkan la ti ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ̀gbọ́n mi gun àpótí, ó ní, "Ẹ káàsán, mà," ó sì bọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀. Fóònù gé. Obìnrin náà tún pè, ẹ̀gbọ́n mi tún kúnlẹ̀, fóònù tún gé.

"Dúró sókè," ni màámi wí.

"Àgbà ni wọ́n, màámi. Bí mi ò bá kúnlẹ̀, ohùn mi á le."

Màámi wò yíká, ojú wọn bọ́ sára mi. "Ìwọ, wá kúnlẹ̀ fún un."

Orí èèpo pákí ni mo kúnlẹ̀ sí títí ìbéèrè fi tán. Ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí látòkè, ohùn rẹ̀ sì tutù bí omi àmù. Ó ríṣẹ́ náà. Ó yà mí lẹ́nu pé wọn ò pe èmi náà.

Lánàá, mo ní kí ọmọbìnrin náà sọ fún ẹni tó kúnlẹ̀ kó dìde.

Mo gbọ́ tó bá ẹnìkan sọ̀rọ̀. "Ó ti dìde, mà."