Ímeèlì Kan fún Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ́kànlélógójì

Ọdún kejì lẹ́yìn tí àrùn Kòrónà ti gbogbo ilé-ìwé pa ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní pólì kan ní Yábà tí n kò ní dárúkọ. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹgbẹ́ máa ń bi mí pé báwo la ṣe jà tí àwọn aláṣẹ fi gbà pé ẹni tí kò ní fóònù tó dáa náà lẹ́tọ̀ọ́ láti kàwé. Mo ti sọ ọ́ fún yín lẹ́ẹ̀mélòó kan, mo sì máa ń sáré sọ ọ́, kí n lè tètè dé ibi tó dùn. Lónìí mo fẹ́ rọra sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara mi ò balẹ̀. Mo ti dìde lórí àga lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ yìí.

Ṣáájú àrùn náà, ilé-ìwé rọrùn: o wọlé, o jókòó, olùkọ́ pe orúkọ rẹ, o dáhùn. Ìgbà tí a padà wọlé ni wọ́n gbé ohun tí wọ́n ń pè ní pọ́tà dé. Orí rẹ̀ lo ti máa forúkọ sílẹ̀, orí rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ àti ìdánwò kéékèèké wà, orí rẹ̀ náà ni abala kan wà tí àwọn iléeṣẹ́ ti ń wá akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fẹ́ gbà síṣẹ́. Kí n má parọ́, ohun tó dáa ni. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì wa tó ń bá ìyá rẹ̀ ta abọ́ ní Ọ̀yìngbò. Ó máa ń gbọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò láàárín oníbàárà kan sí èkejì, máàkì tó sì ń gbà ju tèmi lọ. Wàhálà pọ́tà yẹn ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ímeèlì tirẹ̀. Gbogbo ìgbà tí o bá fẹ́ wọlé, wọ́n á fi kóòdù ránṣẹ́ sí ímeèlì náà. Bí kóòdù ò bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, o dúró síta nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń wá láti Muṣin, káfé Ẹ̀gbọ́n Múfú nítòsí Ojúwòyè ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n Múfú kì í ṣe oníjìbìtì. Ọmọ kan á dé, kò ní dátà, fóònù rẹ̀ ò gbé ímeèlì, Ẹ̀gbọ́n á ní, "Má ṣèyọnu, a máa lo ti Ràfíátù." Ọmọ kíláàsì mi ni Ràfíátù. Bàbá rẹ̀ ń kun mọ́tò ní Ìdí-Òró, òun fúnra rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ní káfé náà lọ́sàn-án. Ẹ̀gbọ́n Múfú á kọ ímeèlì Ràfíátù fún ọmọ náà, á ki dọ́ọ̀tì kan sáàárín orúkọ. Pọ́tà á gbà pé ẹlòmíì ni, bẹ́ẹ̀ iléeṣẹ́ ímeèlì kì í ka dọ́ọ̀tì sí, ọ̀dọ̀ Ràfíátù náà ni kóòdù á ṣì máa wá. Fún ẹni kejì, dọ́ọ̀tì á yí ipò padà. Fún ẹni kẹta, dọ́ọ̀tì á di méjì.

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kóòdù á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé sórí fóònù Ràfíátù, òun náà á sì máa pín in lórí Wáàsáàpù fún ẹni tó ni ín. Mo rí i tó ń ṣe é nígbà tó ń jẹun. Mo rí i tó ń ṣe é nígbà tí olùkọ́ ń bá a wí. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ṣé kò tíì sú u ni.

"Ta ni kí wọ́n wá pè?" ó ní. "Ṣé ìwọ Sẹ́kì, akọ̀wé wa, tí o kì í gbé fóònù?"

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìdánwò àṣekágbá bẹ̀rẹ̀, ẹnìkan lára àwọn tó ń bójú tó pọ́tà rí i pé ímeèlì mọ́kànlélógójì jọra wọn. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Wọ́n ti gbogbo wọn mọ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bí o bá gbìyànjú láti wọlé, ìlà pupa kan ló máa jáde: *A kò mọ̀ ọ́*. Ẹni tí pọ́tà ò bá mọ̀ kò lè tẹ káàdì ìdánwò, ẹni tí kò bá ní káàdì kò lè wọ gbọ̀ngàn. Ti Ràfíátù ló burú jù. Iléeṣẹ́ kan ní Sùúrùlérè ti mú un látorí pọ́tà yẹn kan náà, wọ́n ní kó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bí èsì rẹ̀ bá ti jáde. Bàbá rẹ̀ ti ròyìn rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò.

Inú bí mi gan-an. Lọ́jọ́ Ajé tí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, a jókòó sẹ́nu géètì láti aago mẹ́fà àárọ̀. A ti fẹnu kò pé ẹni tó ní káàdì kò ní wọlé bí ẹni tí kò ní ò bá lè wọlé. Àwọn mọ́kànlélógójì jókòó síwájú, wọ́n na fóònù wọn sókè, kí àwọn olùkọ́ tó ń kọjá lè ka ìlà pupa náà. Àwọn tí kò ní fóònù kọ ọ́ sórí páálí.

Olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ wá bá wa. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ yà lọ́nà. Wọ́n á ní mi ò mọṣẹ́ mi."

Ràfíátù ló dá a lóhùn. "Bàbá, ó ti tó ọdún méjì tí ẹ ti ń rí mi ní géètì yìí. Ṣé ẹ mọ̀ mí?"

"Mo mọ̀ ẹ́ ná. Ṣebí ìwọ lo máa ń kí mi láràárọ̀."

"Ẹ wá bá mi sọ fún wọn lókè, ẹ jọ̀ọ́, sà."

Bàbá náà wolẹ̀. Ó padà lọ jókòó, kò sì lé wa mọ́.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, oòrùn ti mú. Àwọn tó ní káàdì ti ń wo aago. Mo rí àwọn méjì tó yọ́ gba ẹ̀yìn ọgbà wọlé. Mo ń lọ, mo ń bọ̀, mo ń pariwo ju bó ṣe yẹ lọ, torí ẹ̀rù ń bà mí pé bó bá fi di ọ̀sán, kò ní sí ẹni tó máa kù lẹ́yìn wa. Àárín ìyẹn ni wọ́n ránṣẹ́ pe èmi àti ààrẹ wa sí ọ́fíìsì rẹ́jísítírà.

Obìnrin jẹ́jẹ́ ni rẹ́jísítírà. Ìwé àdéhùn ti wà lórí tábìlì rẹ̀ kí a tó dé.

"Ogójì máa wọlé lónìí," ó ní. "A máa tẹ káàdì wọn báyìí-báyìí. A máa ṣí yàrá kọ̀ǹpútà fún àwọn tí kò ní fóònù, a ó sì máa gba nọ́ńbà fóònù dípò ímeèlì."

"Mọ́kànlélógójì ni wọ́n, mà," mo ní.

"Ẹni tó ni ímeèlì yẹn máa dúró. Ó máa fojú kan ìgbìmọ̀ ìbáwí."

"Mà, ó ràn wọ́n lọ́wọ́ ni o."

"Mo mọ̀. Àmọ́ orúkọ ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé tí mo máa kọ ránṣẹ́ sókè. Àbí kí n kọ ọ́ pé pọ́tà ló jẹ̀bi?"

Ààrẹ wa wò mí. Mo ka ìwé náà, mo tún un kà. Orúkọ Ràfíátù wà ní ìlà tó kẹ́yìn. Ààrẹ fọwọ́ sí i, ó sún bírò sọ́dọ̀ mi, èmi náà fọwọ́ sí i.

Nígbà tí a jáde, mo kéde yàrá kọ̀ǹpútà, mo kéde nọ́ńbà fóònù, mo kéde káàdì. Ariwo ayọ̀ sọ. Wọ́n gbé mi sókè, wọ́n ń pè mí ní Kọ́múréèdì. Orí èjìká wọn ni mo wà tí mo fi rí Ràfíátù tó ń to ìlà pẹ̀lú àwọn yòókù láti gba káàdì. Nígbà tó kàn án, wọ́n sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ ò sí níbẹ̀, ó sì wá bá mi.

"Wọ́n kán wa lójú ni," mo ní. "A ò ráyè ka ìwé yẹn délẹ̀. Má ṣèyọnu, a máa bá wọn sọ ọ́."

Ó ní kò burú. Mo wọlé lọ kọ ìdánwò tèmi.

Ọdún kan gbáko ni ìgbìmọ̀ fi lé e kúrò nílé-ìwé. Ẹ̀gbọ́n Múfú wọ aṣọ Jímọ̀ọ̀ rẹ̀ lọ bá wọn pé òun ni òun kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ dọ́ọ̀tì. Wọ́n ní kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ò ní ohun tí àwọn fẹ́ bá a sọ. Iléeṣẹ́ Sùúrùlérè mú ẹlòmíì. Ràfíátù ò padà wá nígbà tí ọdún náà pé.

Ohun tí a jà fún kò já sí òfo. Lónìí ẹ ń fi nọ́ńbà fóònù wọlé, yàrá kọ̀ǹpútà yẹn ṣì wà ní ṣíṣí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ogójì náà sì ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Mi ò kábàámọ̀ pé a jókòó sí géètì yẹn. Àmọ́ títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, jìbìtì ni wọ́n kọ síwájú orúkọ Ràfíátù nínú fáìlì ilé-ìwé, ẹgbẹ́ wa ò sì kọ lẹ́tà kan rí pé kí wọ́n pa á rẹ́. Èmi ni akọ̀wé. Èmi ló yẹ kí n kọ ọ́, mi ò sì kọ ọ́, torí lẹ́tà yẹn máa jẹ́ kí wọ́n béèrè ohun tí mo fọwọ́ sí.

Lọ́dún tó kọjá mo wá a lọ. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà ní ilé lẹ́sìnnì kan lọ́nà Ìtìrẹ́. Mo ti múra ọ̀rọ̀ gígùn sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì fò lọ lórí mi nígbà tí mo rí i. Mo kàn sọ ọ́ pé, "Ràfíátù, mo ka ìwé yẹn. Mo rí orúkọ rẹ níbẹ̀ kí n tó fọwọ́ sí i."

"Mo mọ̀," ó ní. "Ààrẹ yín ti sọ fún mi lọ́dún yẹn."

"Kí ló dé tí o ò fi bi mí?"

"Mo ń retí pé kí ìwọ wá sọ ọ́ ni. Mo retí ẹ títí, ó sú mi." Ó yíjú sí ọmọ kan tó ń pè é, ó dá a lóhùn, ó tún kọjú sí mi. "Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ní o ń kọ́ yìí, ṣé wọ́n mọ̀?"

Mo ní rárá.

"Àwọn ni kí o lọ sọ fún. Èmi ti mọ tèmi."

Ẹ ti gbọ́ ọ báyìí. Kò sẹ́ni tó kán mi lójú ní ọ́fíìsì yẹn, kò sì sẹ́ni tó tàn mí. Mo fẹ́ kí a borí lọ́jọ́ yẹn ni, mo sì fi Ràfíátù sílẹ̀ níta.