Ìwé Tí Ìyá Mi Ń Fi Epo Pa

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọmọ kan ṣoṣo ni àlejò máa ń rí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ọmọ méjì ni ìyá mi ń tọ́. Bí ó bá bu ẹ̀wà fún mi, yóò bu díẹ̀ sí àwo kejì. Bí ó bá ń fọ ẹsẹ̀ mi nírọ̀lẹ́, yóò tún da omi díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Èmi ni Táíwò. Kẹ́yìndé, ẹnì kejì mi, obìnrin bíi tèmi, ti kú kí wọ́n tó já wa lẹ́nu ọmú. Èéyi ló pa á. N kò rántí ojú rẹ̀. Àwo kejì yẹn ni mo rántí.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní ẹsẹ̀ òkè Ìdáàṣà mọ àṣà yìí. Nítorí àwọn ọmọ ọmọ wa ni mo ṣe ń ṣàlàyé. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n máa ń gbẹ́ ère kékeré fún un. Wọn á máa wẹ ère náà, wọn á máa fún un lóúnjẹ, wọn á máa fi epo pa á lára. Ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe fún èyí tó wà láyé, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é fún èyí tó lọ. Bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀, inú lè bí i, kí ó sì pe ẹnì kejì rẹ̀ mọ́ra. Ìyá mi gba èyí gbọ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti ṣe ìrìbọmi, àlùfáà ìjọ Àgùdà tí à ń pè ní Monpè kò sì fẹ́ rí ère nínú ilé onígbàgbọ́ kankan. Bàbá mi ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé igi gbígbẹ́ wọ ilé òun. Ìyá mi kò bá a jiyàn. Nígbàkúùgbà tí ara mi bá gbóná, yóò jókòó tì mí lórí ẹní, yóò di ọrùn ẹsẹ̀ mi mú gírígírí, bí ẹni pé ẹnìkan ń fà mí láti òdìkejì.

Ilé wa wà lọ́nà Gbafo, níbi tí àpáta pẹrẹsẹ kan ti nà lẹ́yìn ilé bí ẹní. Orí àpáta yẹn ni àwọn obìnrin ti máa ń sá ẹ̀gẹ́ fún èlùbọ́. Ibẹ̀ náà ni Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ti máa ń kọ̀wé. Ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà kan ní Kútọnu, ó padà wálé pẹ̀lú àpótí onígi kan tí ìwé òfìfo kún inú rẹ̀, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń pè ní kayé. Lẹ́yìn tí ó bá ti oko dé, yóò jókòó lábẹ́ igi emi, èyí tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, yóò máa kọ ìtàn.

Kò sí ẹni tó mọ ohun tí iṣẹ́ yẹn jẹ́. Ní ilẹ̀ wa nígbà náà, ẹni tó bá mú ìwé àti kálámù lọ́wọ́, orúkọ ló wá kọ, owó orí ló sì ń tẹ̀lé e. Oṣù àkọ́kọ́ tí ó dé, bí ó bá ti yọ, àwọn ọkùnrin àdúgbò á gba ẹ̀yìnkùlé bọ́ sínú igbó. Àwọn obìnrin ní tiwọn rí i pé ó jókòó sójú kan, wọ́n ní, “Akọ̀wé, ṣebí o kò ṣe nǹkan kan, bá wa lé ewúrẹ́ nídìí ẹ̀gẹ́.” Ó máa ń lé wọn. Àwọn ewúrẹ́ ilé wa ba ọ̀pọ̀lọpọ̀ gbólóhùn rẹ̀ jẹ́.

Mo rántí ọjọ́ tí Baálé ilé wa, àgbàlagbà tó dàgbà jù nínú ẹbí, dúró lé e lórí.

“Ẹjọ́ ta ni o ń kọ?”

“Kì í ṣe ẹjọ́, Baba. Ìtàn ni.”

“Ta ló rán ọ?”

“Kò sẹ́ni tó rán mi.”

“Èdè wo lo fi ń kọ ọ́?”

“Tiwa ni.”

Baálé wo kayé náà títí. “Ṣé ìwé máa ń gbọ́ Ìdáàṣà?”

Ìyá àgbà, tó bí bàbá mi àti Bàbá Kékeré, ni tirẹ̀ dùn jù. Ó ní ẹni tó bá jókòó tí ó ń wo òkè láìsọ̀rọ̀, ibà ló wà lára rẹ̀. Bí ó bá ti rí i pé ọmọ òun gbé kálámù dúró tí ó ń ronú, yóò gbé àgbo kíkorò wá, yóò dúró tì í títí yóò fi mu ún tán. Mo gbà pé kò sí ọkùnrin tó mu àgbo ibà tó o láìní ibà ní gbogbo agbègbè òkè wa.

Ọjọ́ kan tí a ń kó ẹ̀gẹ́ jọ nítorí òjò, ìyá mi dúró níwájú rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé, kì í pe orúkọ àbúrò ọkọ rẹ̀.

“Ọkọ mi, àwọn ènìyàn tí ẹ ń kọ sínú ìwé yẹn, ṣé wọ́n máa ń jẹun?”

“Bí mo bá kọ ọ́ pé wọ́n jẹun, wọ́n jẹun nìyẹn.”

“Ṣé wọ́n máa ń dàgbà?”

“Bí mo bá fẹ́.”

Ìyá mi gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀. “Ẹ dákun, ẹ kọ Kẹ́yìndé fún mi.”

Bàbá Kékeré kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà kú. “Ìyá Ìbejì, ìwé kì í ṣe ère.”

“Mo mọ̀. Igi ni Monpè kò fẹ́. Kò lè sọ pé òun kò fẹ́ ìwé. Òun fúnra rẹ̀ ń gbé e kiri, ó ń fi ẹnu kò ó.”

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Bàbá Kékeré mú kayé tuntun kan nínú àpótí rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi tí kò ṣẹlẹ̀ sí Kẹ́yìndé. Bí wọ́n bá rán aṣọ Àjíǹde fún mi, ìyá mi á sáré lọ sórí àpáta: “Ẹ kọ tirẹ̀. Aláwọ̀ ewé ni, ẹ má gbàgbé bọ́tìnnì ẹ̀yìn.” Wọ́n fá orí mi nítorí iná orí, wọ́n fá tirẹ̀. Eyín mi yọ, tirẹ̀ yọ. Bàbá Kékeré á kọ ọ́, á kà á sókè fún un, ìyá mi á sì máa mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ọmọ tó wà lẹ́yìn odò.

Lọ́jọ́ kan mo jí ẹ̀pà irúgbìn jẹ. Ìyá mi nà mí, ó ní kí n kúnlẹ̀ kí n kọjú sí àpáta. Ibi tí mo kúnlẹ̀ sí ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀.

“Ẹ kọ ọ́ pé mo na òun náà.”

“Kí ni òun ṣe?”

“Ìbejì ni wọ́n. Kò lè ṣe kí ó má mọ̀ sí i.”

Ó lọ. Kò pẹ́ tó fi padà, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. “Ẹ dákun, ẹ má kọ pàṣán yẹn. Ẹ kọ ọ́ pé mo bá a wí lẹ́nu.”

Ẹ ò rí i! Mo fi omijé jowú ọmọ tí kò sí láyé. Ṣùgbọ́n mo tún ṣàkíyèsí nǹkan kan: ìyá mi kò di ọrùn ẹsẹ̀ mi mú mọ́ nígbà tí ara mi bá gbóná. Ó máa ń sùn.

Gbogbo ìgbà tí ó bá se ẹ̀wà, yóò ti ìka bọ epo, yóò fi pa ẹ̀yìn kayé náà. Bàbá Kékeré á pariwo, “Ìyá Ìbejì, èèrà á jẹ ọmọ rẹ!” Ìyá mi á dáhùn pé, “Èèrà kì í jẹ ọmọ tó ní olùtọ́jú.” Nígbà tó ṣe, kayé náà pọ́n, ó ń dán, òórùn rẹ̀ dà bíi ti inú ìṣasùn.

Ọdún kan, ọyẹ́ mú púpọ̀. Bàbá Kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìyá àgbà gbé àgbo wá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, a sì rẹ́rìn-ín gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Ó ti ń mu àgbo láti ọjọ́ pípẹ́ fún àìsàn tí kò ní. Nígbà tí àìsàn dé ní tòótọ́, kò sẹ́ni tó mọ ìyàtọ̀. Ó gbẹ bí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá. Àwọn àgbà ní ìkọ̀wé ló ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n gba kálámù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi há àjà. Nígbà tí wọ́n wá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ìlú, ọ̀rọ̀ ti bọ́. Òjò àkọ́kọ́ ọdún náà bá wa nídìí òkú rẹ̀.

Monpè wá, ó gbàdúrà, ó lọ. Lẹ́yìn náà ni ẹbí ṣe tiwọn. Ní ilé wa, wọn kì í fi irinṣẹ́ òkú sílẹ̀, kí ó má bàa padà wá a. Ọdẹ ń bá ọ̀bẹ rẹ̀ lọ, ahunṣọ ń bá ọ̀kọ̀ ìhunṣọ rẹ̀ lọ. Baálé ní kí wọ́n lọ gbé àpótí onígi náà wá. Wọ́n gbé e wá pẹ̀lú gbogbo kayé inú rẹ̀, wọ́n sì yọ kálámù lájà, wọ́n gbé e lé e. Bàbá mi tẹ orí ba.

Ìyàwó ilé kì í sún mọ́ ibojì nígbà tí àwọn ọmọ ilé bá ń ṣe ìyẹn. Ìyá mi la àárín wọn kọjá. Ó fi ara lé àpótí náà.

“Ẹ má sin ọmọ mi lẹ́ẹ̀kejì.”

Ẹnìkan ní kí wọ́n fà á kúrò, pé ọ̀fọ̀ ti dà á lórí rú. Baálé gbé ọwọ́ sókè.

“Ọmọ wo?”

Ìyá mi ti ọwọ́ bọ inú àpótí, ó yọ kayé tó pọ́n jáde. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò ṣì í mú.

“Irinṣẹ́ akọ̀wé ni gbogbo wọn,” ni ọkùnrin kan wí lẹ́yìn.

Baálé gbà á lọ́wọ́ ìyá mi. Ó gbé e sí imú. Ó fi àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo epo tó mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wá wo èmi náà, tí mo di aṣọ ìyá mi mú.

“Ta ló ń fún irinṣẹ́ ní ẹ̀wà jẹ nínú yín?” ló bi wọ́n. “Ẹ̀yin, ṣé ẹ máa ń fi epo pa ọkọ́ yín?” Ó gbé kayé náà sókè. “Ọmọ kì í ṣe irinṣẹ́. Ẹ fún un lọ́mọ rẹ̀.”

Ìyókù wọlẹ̀. Gbogbo ìtàn tí Bàbá Kékeré kọ nípa àwọn ènìyàn òkè wa, gbogbo ohun tí ó rò nígbà tí wọ́n ń fún un lágbo, ló wọ inú ilẹ̀ tútù. Ohun tó ṣẹ́ kù lára iṣẹ́ rẹ̀ láyé ni ìtàn ọmọdébìnrin kan tí wọ́n fá orí rẹ̀, tí eyín rẹ̀ yọ, tí wọ́n bá wí lẹ́nu.

Ẹ má yára dá àwọn àgbà wa lẹ́jọ́. Èmi náà ti dá wọn lẹ́jọ́ rí, nígbà tí mo kọ́kọ́ di tíṣà tí mo rò pé mo gbọ́n. Ẹni tí wọ́n ti fi ṣe olùlé ewúrẹ́ ni wọ́n sin bí ọdẹ àti ahunṣọ. Ọjọ́ yẹn ni ẹnikẹ́ni nínú ilé wa kọ́kọ́ pe ìkọ̀wé ní iṣẹ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá mi sọ fún bàbá mi pé Táíwò gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Wọn kì í rán ọmọbìnrin lọ nígbà náà.

“Ta ni yóò máa pọn omi?” ni bàbá mi bi í.

“Èmi ni. Ṣé ẹ fẹ́ kí Kẹ́yìndé dúró lójú kan nítorí pé kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ mọ́, kí ó máa wo ẹnì kejì rẹ̀ bí ó ti ń dàgbà lọ?”

Bàbá mi mọ ohun tí ó ń bẹ̀rù. Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn sísítà ìjọ Àgùdà ní ìlú, wọ́n kọ́ mi ní àbídí. Gbólóhùn tí mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara mi kọ sínú kayé pípọ́n náà kò gún: “Kẹ́yìndé lọ sí ilé ẹ̀kọ́.” Mo kà á fún ìyá mi. Ó ní kí n tún un kà. Ó wá lọ gbé epo.

Báyìí ni mo ṣe di tíṣà. Nínú gbogbo àṣìlóye tí wọ́n ní nípa ìkọ̀wé nílé wa, ti ìyá mi ni mo jẹ ní ogún.

Nǹkan ti yàtọ̀ lónìí. Abẹ́rẹ́ wà fún èéyi, mo sì ń dúpẹ́, nítorí bí mo bá rí ìbejì ní ìlú wa báyìí, àwọn méjèèjì ló máa ń sáré lẹ́yìn ìyá wọn. Ilé ẹ̀kọ́ kún fún ọmọbìnrin. Àwọn ènìyàn kò sá fún kálámù mọ́. Síbẹ̀, ọlọ́kadà tó ń gbé mi lọ sọ́jà ní nígbà tí mo jẹ́ òǹkọ̀wé, mo gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó lè bá òun gba ìwé ìrìnnà lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ọmọ ọmọ mi ní tirẹ̀ wo ohun tí mo ń kọ, ó ní, “Ìyá àgbà, ènìyàn mélòó ló ti wò ó lórí fóònù?” Mo ní ẹnì kan ṣoṣo ni mo ń kọ ọ́ fún. Ó káàánú mi.

Ìyá mi ti lọ tipẹ́. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n fún mi ní agboòrùn àti aṣọ, mo délé, mo kọ ọ́ pé wọ́n fún Kẹ́yìndé náà. Orúnkún mi ń ro mí, tirẹ̀ ń ro ó. Ohun gbogbo tó ṣẹlẹ̀ sí mi ni mo ti kọ fún un, láìfi ọ̀kan pe méjì. Ó ku ẹyọ kan, ọjọ́ tí èmi náà yóò lọ, tí n kò ní í lè kọ, n kò sì mọ ẹni tí yóò kọ ọ́ fún àwa méjèèjì. Mo ti se ẹ̀wà lónìí. Ìka mi ṣì wà nínú epo.