Àgbàdo Tó Ń Tètè Gbó

Ní àdúgbò wa ní Ìfọ̀nyìn, oko ìyá mi ni àgbàdo ti ń kọ́kọ́ gbó. Àwọn aládùúgbò á ṣì máa ra gàrí kiri nígbà tí tiwa bá ti ń yọ ọmọ. Àmọ́ a kì í jẹ àwọn tó kọ́kọ́ yọ. Ìyá mi á so àkísà mọ́ igi wọn, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n títí wọ́n á fi gbẹ. Òkè ààrò ni wọ́n ń kó wọn kọ́ sí nínú èéfín, irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn.

Bàbá wa kú nígbà tí ìjọba ológun tó ń pe ara rẹ̀ ní Rẹfolúṣọ̀n ṣì dé tuntun, tí àwọn tíṣà ń pe ara wọn ní kámáráàdì. Ebi wá mú wa gidi. Ìyá mi tú àkísà náà, wọ́n ya àgbàdo, wọ́n sè é fún wa. Mi ò tíì jẹ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Láti ìgbà náà, èyí tó bá kọ́kọ́ gbó la ń jẹ, èyí tó kẹ́yìn sóko, tó sì tóbi, là ń gbìn. Àgbàdo wa ń sanra sí i, àwọn èèyàn sì ń yìn wá.

Nígbà tó yá, mo lọ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ nílé ìwé. Mo wálé fún ọlidé, ìyá mi ń ṣẹ́ àgbàdo.

“Kámáráàdì tèmi,” wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, “ó dáa, kí ló dé tí àgbàdo mi ò tètè gbó mọ́? Ṣé ilẹ̀ ló ti ṣá ni?”

Ẹnu mi yá. Mo ní ilẹ̀ àti òjò ló sábà máa ń mú àgbàdo tóbi, ọmọ rẹ̀ lè má jogún un. Ṣùgbọ́n àtètègbó, inú ẹ̀jẹ̀ ló wà. Àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ náà la ti ń jẹ, àwọn onílọ̀ọ́ra la ń gbìn.

Ọwọ́ wọn dúró. “Èmi ni mo wá bà á jẹ́?”

“Rárá o, Ìyá.” Ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́ ná.

Wọ́n wá irúgbìn àtijọ́ náà dé Lagbé, wọ́n dé Ko-Koumolou, wọn ò rí i. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í so àkísà. Àwọn tó kọ́kọ́ gbó báyìí, àárín onílọ̀ọ́ra náà ni wọ́n ti ṣáájú. Nǹkan kan ò yí padà. Ìyá mi nìkan ló yí padà. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti parọ́ fún wọn.

Lọ́dún kan mo kó àwọn ọmọ mi wá kí wọn, oúnjẹ sì ti wọ́n nílùú. Àbíkẹ́yìn mi na ọwọ́ sí àgbàdo kan tí wọ́n so àkísà mọ́. Ìyá mi gbá ọwọ́ náà kúrò.

“Bàbá yín ti jẹ tiyín,” ni wọ́n wí.